Ta Ni Aláṣẹ Ń Jíhìn Fún? Ìjọba Amúnisìn àti Èrò Wa Nípa Agbára

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ojú tí àwọn onímọ̀ fi ń wo ìjọba amúnisìn, àti ipa tó ní lórí èrò òṣèlú. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju ohun tí ẹnu kan lè sọ tán lọ, nítorí náà ilẹ̀ Yorùbá ni mo máa dúró sí, láti ìgbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yin àgbá lu Èkó ní 1851 títí di òde òní. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀: ìjọba amúnisìn yí ojú aláṣẹ padà. Kí wọ́n tó dé, ẹni tó ń ṣàkóso ìlú mọ̀ pé àwọn kan wà nítòsí òun, tí wọ́n jọ ń gbé inú odi kan náà, tí wọ́n lè bi òun léèrè, tí wọ́n sì lè yọ òun nípò. Lẹ́yìn tí wọ́n dé, òkè ni aláṣẹ ń wò: ọ̀dọ̀ Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ọ̀dọ̀ Gómìnà, ọ̀dọ̀ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé oyè rẹ̀. Ìyípadà yìí wọ inú ìrònú wa lọ, kò sì bá òyìnbó wọ ọkọ̀ padà sílé ní 1960.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, nítorí ibẹ̀ ni òyìnbó fúnra rẹ̀ ti lọ wá àwòkọ́ṣe. Ẹni tó bá ka ìwé ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí Obadiah àbúrò rẹ̀ tún ṣe, tó sì jáde ní 1921, á rí i pé ọba ńlá ni Aláàfin, ikú bàbá yèyé. Á tún rí i pé ọba ńlá yìí kò dá nìkan wà. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje ni afọbajẹ: Baṣọ̀run ló ṣáájú wọn, lẹ́yìn rẹ̀ ni Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìíni, Lágùnnà, Akíníkú àti Aṣípa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní agboolé tirẹ̀ àti àwọn èèyàn tó ń tẹ̀lé e, ibẹ̀ ló ń padà sí bó bá kúrò láàfin, ibẹ̀ ló sì ti ń gbọ́ ohun tí ará ìlú ń sọ. Bí ọba bá ṣi agbára lò tí ọ̀rọ̀ kò sì ní àtúnṣe mọ́, Baṣọ̀run a gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ọba tó bá ti ṣí igbá yẹn wò mọ̀ pé ilé ayé ti kọ òun, ikú ló sì kù. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì náà kò lè ṣe bó ṣe wù wọ́n, nítorí pé Ògbóni wà tó ń yẹ ìpinnu wọn wò.

Níbòmíràn, ọ̀nà yàtọ̀. Ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí láti nǹkan bí 1829, kò sí adé rárá. Ẹni tó bá ní ọmọ ogun, tó ní làákàyè, tó sì lè bọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, á gba oyè, á sì máa gòkè láti ìpele dé ìpele. Pé kì í ṣe ọmọ ọba kò dí i lọ́nà. Ní Abẹ́òkúta ní 1865, G. W. Johnson àti àwọn Sàró ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, dá Egba United Board of Management sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ so àwọn ìjòyè ìbílẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn akọ̀wé, wọ́n ń gba owó ibodè, wọ́n sì ń kọ̀wé sí Gómìnà Èkó gẹ́gẹ́ bí ìjọba tó dá dúró. Ìgbìmọ̀ yẹn kò pẹ́, ṣùgbọ́n láti 1898 Ẹ̀gbá tún gbé ìjọba mìíràn kalẹ̀ tó ní ilé ìṣúra àti kóòtù tirẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ di 1914. Èrò òṣèlú ni gbogbo èyí. Ẹni tó bá ní kò sí èrò níbi tí kò sí ìwé kò tíì ronú lórí ohun tó gba àwọn èèyàn kí wọ́n tó lè ṣètò ọ̀nà tí ọba fi ń lọ láìjẹ́ pé ìlú tú.

Ní 1893, Carter, Gómìnà Èkó, yípo ilẹ̀ Yorùbá, ó bá Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé. Ní November 1895, Captain Bower, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, yìnbọn lu Ọ̀yọ́ nígbà ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní, agbára ààfin sì wó lulẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, a ì bá sọ pé òyìnbó kàn ṣẹ́gun ọba ni. Ṣùgbọ́n Gómìnà Lugard dé gúúsù ní 1912, ó mú irú ìṣàkóso tó ti dán wò lọ́dọ̀ àwọn ẹ́míà Hausa dání, ìyẹn ni pé kí òyìnbó máa gba ẹnu ọba ìbílẹ̀ ṣèjọba. Ó nílò ọba kan tó dà bí ẹ́míà, Aláàfin ni wọ́n sì mú. Captain Ross, tó ṣe Ajẹ́lẹ̀ ní Ọ̀yọ́ títí di 1931, àti Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1911 sí 1944, ni wọ́n jọ gbé ètò náà ró. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Àtàndá ti Yunifásítì Ìbàdàn ló tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ jù nínú ìwé rẹ̀ The New Oyo Empire, tó jáde ní 1973. Ohun tó fi hàn ni pé ìjọba Ọ̀yọ́ tí òyìnbó sọ pé àwọn ń tọ́jú bí àṣà, tuntun ni. Ìbàdàn, tó ti ń fi orúkọ Aláàfin bọ̀wọ̀ nígbà tí apá Aláàfin kò ká a, wá di abẹ́ Ọ̀yọ́ pátápátá. Àwọn Baálẹ̀ Ìbàdàn tí kò bá tẹríba, wọ́n yọ wọ́n: bí wọ́n ṣe yọ Ìrẹ̀fin ní 1914 ni wọ́n yọ Ṣítù, ọmọ Ààrẹ Látòósà, ní 1925. Títí di 1934 kí Ìbàdàn tó gba ara rẹ̀, kò sí Ọ̀yọ́ Mèsì kankan tó lè gbé igbá lọ bá Ládìgbòlù. Ta ni yóò gbé e? Ọlọ́pàá wà lẹ́yìn ọba, ọgbà ẹ̀wọ̀n wà lẹ́yìn ọba, Ross wà lẹ́yìn ọba.

Ará ìlú rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní October 1916, ọdún tí owó orí wọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, Ìṣẹ́yìn àti Òkè-Ihò dìde, kóòtù ìbílẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí ibẹ̀ ni agbára tuntun yẹn ti ń fojú hàn sí wọn: ẹjọ́, owó ìtanràn, iṣẹ́ tipátipá. Ìjọba pa rògbòdìyàn náà rẹ́ pẹ̀lú ọmọ ogun, wọ́n sì so àwọn kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀ kọ́. Ní 1918, Ẹ̀gbá náà ja Ogun Adùbí lórí owó orí, wọ́n hú ojú irin rélùwéè. Nínú ìwé àwọn òyìnbó, àwọn aláìgbọ́ràn ni gbogbo wọn. Tí a bá fi ojú ìlú wò ó, àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n lè gbé ẹ̀sùn aláṣẹ lọ ni, tí wọn kò sì rí ibìkankan.

Mahmood Mamdani, ọmọ ilẹ̀ Uganda, gbé irú ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ fún gbogbo Áfíríkà nínú Citizen and Subject, tó jáde ní 1996. Ó ní ìjọba amúnisìn pín àwọn èèyàn sọ́nà méjì: àwọn tó wà nígboro, tí òfin gbà pé wọ́n ní ẹ̀tọ́, àti àwọn tó wà ní ìgbèríko lábẹ́ olóyè, tí wọn kò ní ju kí wọ́n gbọ́ràn lọ. Olóyè yẹn ló ń ṣòfin, òun ló ń mú un ṣẹ, òun ló ń dájọ́, òun náà ló ń gba owó orí. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ibi tó lápẹẹrẹ. Ọ̀yọ́ ìgbà Ross bá a mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgboro àti ìgbèríko kò bá Yorùbá mu bó ṣe rò ó. Àgbẹ̀ Yorùbá kì í fi ìlú sílẹ̀. Oko ló ń lọ, ìlú ló ń bọ̀. Nínú agboolé kan náà lẹ ó ti rí ẹni tí kóòtù ìbílẹ̀ ń pàṣẹ fún àti ọmọ rẹ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn tó sì ń kọ̀wé ẹ̀sùn sí ìjọba. Ìpín méjì tí Mamdani sọ wà níbí, àmọ́ inú ilé kan ló gbà kọjá, nígbà mìíràn sì rèé, inú ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ìjà fi ń bẹ́ sílẹ̀ lemọ́lemọ́ lọ́dọ̀ wa, tí wọn kò sì rí ìtẹríba bí wọ́n ṣe fẹ́.

Anthony Asíwájú, onímọ̀ ìtàn ọmọ Ìmẹ̀kọ, fún wa ní ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé la ààlà gba àárín Yorùbá ìwọ̀ oòrùn kọjá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Kétu látilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè kan, ìran kan, ọ̀gá méjì. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ ní 1976 fi hàn pé Faransé kò díbọ́n pé àwọn ń bọ̀wọ̀ fún adé; wọ́n sọ ọba di òṣìṣẹ́ kékeré tó ń bá wọn kó owó orí jọ, tó ń bá wọn kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ iṣẹ́ ọmọ ogun. Púpọ̀ èèyàn sá kọjá sí apá Nàìjíríà. Ẹni tó bá wò ó lójú kan á ní Gẹ̀ẹ́sì sàn jù. Lójú tèmi, ìnira ni ìyàtọ̀ wọn, ọ̀nà tí ìhìn ń gbà kò yàtọ̀. Ní apá méjèèjì, ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ọba ti ń jíhìn. Faransé fi í hàn gbangba, Gẹ̀ẹ́sì da aṣọ àṣà bò ó, aṣọ yẹn ló sì ṣòro fún wa jù láti ṣí.

Àtakò àkọ́kọ́ tó yẹ kí n dáhùn wá láti ẹnu ẹni tí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, kọ ní 1969 pé ìjọba amúnisìn kò ju ìran kékeré kan lọ nínú ìtàn gígùn Áfíríkà. Ọgọ́ta tàbí àádọ́rin ọdún, kí ni ìyẹn já mọ́ níwájú ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún? Ọba ṣì wà, oyè ṣì wà, ẹbí ṣì ń pàdé. Ó dá mi lójú pé ìkìlọ̀ yẹn wúlò gan-an nígbà tó sọ ọ́, nítorí àwọn kan ń sọ ìtàn wa bí ẹni pé ọjọ́ tí òyìnbó gúnlẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí nǹkan wà síbẹ̀ yàtọ̀ sí kó máa ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ilé lè dúró gedegbe kí wọ́n ti yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ padà sí ẹ̀yìnkùlé. Bí orúkọ oyè ṣe wà láìyí padà ni kò jẹ́ kí a tètè fura. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì pa ipò ọba rẹ́ ni, àwọn baba wa ì bá mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi adé sílẹ̀, wọ́n mú igbá Baṣọ̀run lọ.

Àtakò kejì ni pé mò ń fi ìgbà àtijọ́ ṣe ọ̀run rere. Wọ́n á ní ẹ rántí Gáà, Baṣọ̀run tó fi ikú ọba ṣeré láàárín 1754 àti 1774, títí Aláàfin Abíọ́dún fi rẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rántí Ìbàdàn àti àwọn ajẹ́lẹ̀ tí ó fi sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí ìwà wọn fa Ogun Kírìjì ní 1877. Ẹ rántí ẹrú. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi bò ó mọ́lẹ̀. Ìwà ìkà wà lórí ilẹ̀ yìí kí àgbá tó dún ní Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìtàn Gáà ṣe parí. Nínú ìlú ni wọ́n ti rí agbára tó borí rẹ̀. Ẹ wo ìtàn Kírìjì: Èkìtìparapọ̀ dìde, Ìbàdàn kò sì rí wọn tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ogun fi tú ká ní 1893. Agbára ìgbà náà le, ó sì lè pani, àmọ́ kò sí ibi tó ga tó tí ọwọ́ àwọn tó ń jìyà rẹ̀ kò lè dé. Ohun tó jẹ́ tuntun lábẹ́ Lugard ni aláṣẹ tí agbára rẹ̀ wá láti London, tí ẹnikẹ́ni nínú ìlú kò sì lè yí padà.

Síbẹ̀, ìran kan wà tó fi hàn ju ìwé lọ pé ìlú kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bi ọba léèrè. Aláké Adémọ́lá Kejì ni ìjọba òyìnbó gbà ní aláṣẹ kan ṣoṣo fún gbogbo Ẹ̀gbá. Owó orí àwọn obìnrin ń wúwo, àwọn tó ń gbà á sì ń fi ìyà jẹ wọ́n. Ní ìparí 1947, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń darí, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ síwájú ààfin ní Aké. Àwọn tó ń ta aṣọ àdìrẹ, àwọn tó ń ta oúnjẹ lọ́jà, jókòó sílẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n béèrè àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ná owó ìlú, wọ́n ní kò yẹ kí ẹni tí kò láṣojú nínú ìgbìmọ̀ máa san owó orí. Ní 1948 àwọn Ògbóni náà yí ẹ̀yìn sí Aláké, nígbà tó sì di January 1949 ó fi ààfin sílẹ̀, ó gba Òṣogbo lọ. Ó padà wálé ní ìparí 1950, ṣùgbọ́n ipò aláṣẹ kan ṣoṣo yẹn ti lọ. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀kọ́ ìwé òyìnbó ló kọ́ àwọn obìnrin yìí ní òmìnira. Ìwé kó ipa tirẹ̀. Àmọ́ ìyá ọlọ́jà tí kò ka ìwé rí mọ̀ pé ọba tí ìlú bá kọ̀ kì í jókòó pẹ́, ìmọ̀ yẹn kò sì ti ilé ẹ̀kọ́ kankan wá.

Àtakò kẹta ló le jù fún mi. Olúfẹ́mi Táíwò, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, sọ nínú ìwé méjì, ọ̀kan ní 2010, èkejì ní 2022, pé a ti ń di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba amúnisìn débi pé a sọ ara wa di ẹni tí kò lè ronú, tí kò lè yàn. Ó rán wa létí pé àwọn bí Àjàyí Crowther ti ń gba ìgbàlódé mọ́ra kí àwọn aláṣẹ bí Lugard tó dí wọn lọ́nà. Ibi tó kan èmi ni èyí: Ládìgbòlù kì í ṣe ọmọlangidi. Ó mọ ohun tó ń ṣe, ó lo Ross bí Ross ṣe lò ó. Mo gbà. Kí a wá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yẹn dé òpin rẹ̀, ká má dá a dúró sí Ládìgbòlù. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, nínú Path to Nigerian Freedom tó kọ ní 1947, bá ìṣàkóso Lugard wí gidigidi, ó sì fẹ́ kí àwọn aṣojú tí ará ìlú yàn wọ ìgbìmọ̀. Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ tí Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ṣe ní 1952 gbé èrò yẹn wọlé, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n láàárín 1954 àti 1956, ìjọba Ẹkùn kan náà lé Aláàfin Adéyẹmí Kejì kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì fi ẹlòmíràn síbẹ̀, nítorí òun àti ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí oyè kò rẹ́. Òfin Oyè 1957 wá ní kí wọ́n kọ àṣà ìfọbajẹ ìlú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ìjọba fọwọ́ sí i, kí ìjọba sì ní àṣẹ láti gba ọba tàbí kí ó yọ ọ́. Kò sí òyìnbó tó fi ipá mú wọn ṣe é. Irinṣẹ́ Ross wà nílẹ̀, ọwọ́ wa ló gbé e. Nítorí náà, Táíwò àti èmi kò jà: ẹ̀bi náà jẹ́ tiwa pẹ̀lú, nítorí a ti gbà nínú ọkàn wa pé bí aláṣẹ ṣe ń rí nìyẹn.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn ti ń ṣe wá ní ìjàǹbá jù ni ọ̀rọ̀ owó. Ní 1975, Peter Ekeh, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, sọ pé ọmọ Áfíríkà tó kàwé ń gbé nínú àwùjọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ni ti ẹbí àti ìlú ẹni, níbi tí ẹ̀rí ọkàn ti ń ṣiṣẹ́. Èkejì ni ti ìjọba, tó ti ọwọ́ amúnisìn wá, níbi tí ẹ̀rí ọkàn kò ti ní iṣẹ́ kankan. Ẹ wo akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan: bó bá jẹ owó ẹgbẹ́, kò ní lè gbójú sókè níbi ìnáwó, ìyàwó rẹ̀ pàápàá á gbọ́ ọ. Ẹni kan náà lè kó owó iléeṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sì fi ìlù pàdé rẹ̀ ní ẹnu odi. Ekeh rí i dáadáa. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe torí pé a kò mọ olè ni. Akápò ẹgbẹ́ jíhìn fún wa ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó wà ní iléeṣẹ́ ìjọba, òkè ló jíhìn fún, láti ọjọ́ tí owó orí ti kọ́kọ́ wọ Ọ̀yọ́ ní 1916. Owó tí a kò láṣẹ láti béèrè kò lè dà bí owó wa.

Wọ́n á sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nísinsìnyí, nítorí gómìnà tó ń gbé ọ̀pá àṣẹ lé ọba lọ́wọ́ lónìí, àwa la dìbò yàn án. Ìdáhùn mi wà nínú ìtàn ọ̀pá mìíràn. Ní 1920, Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó, bá Olóyè Olúwa lọ sí London lórí ẹjọ́ ilẹ̀, ó sì mú ọ̀pá Ẹ̀ṣùgbàyí, Ẹlẹ́kọ, ọba Èkó, dání. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó sọ níbẹ̀ nípa ipò Ẹlẹ́kọ bí ìjọba Èkó nínú, wọ́n ní kí Ẹlẹ́kọ sẹ́ ẹ ní gbangba. Kò ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n sì kọ̀ ọ́ ní ọba. Ní 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní London, ìdájọ́ 1931 sì ni pé aláṣẹ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òmìnira ẹnikẹ́ni àfi bó bá lè fi òfin gbe ara rẹ̀ níwájú adájọ́. Ẹlẹ́kọ padà sí Èkó lọ́dún yẹn. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn òmìnira, Òfin Ìpìlẹ̀ 1963, tí àwa fúnra wa kọ, sọ pé kóòtù kankan ní Nàìjíríà kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ tó jẹ mọ́ oyè. Ìlẹ̀kùn tí amúnisìn kò rí tì, àwọn tí a dìbò yàn ló tì í, Òfin Ìpìlẹ̀ 1979 ló sì tó ṣí i. Ìdìbò dára, ṣùgbọ́n kò dá ojú aláṣẹ padà sọ́dọ̀ ìlú níbi tí òfin ti ní kí ó máa wo òkè. Ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́rìí sí i: títí di July 2024, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Abuja fi dájọ́ pé gómìnà kò gbọdọ̀ máa fi ìgbìmọ̀ tí ó yàn fúnra rẹ̀ dípò àwọn tí a dìbò yàn, ọ̀pọ̀ gómìnà ló ń fi èèyàn wọn síbẹ̀ bí Ross ṣe ń fi Baálẹ̀ sí Ìbàdàn. Òfin oyè wà lọ́wọ́ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti tún kọ. Wọ́n lè kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé gómìnà kò lè yọ ọba láìjẹ́ pé àwọn afọbajẹ àti aṣojú àdúgbò ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní gbangba, kí ọba náà sì máa ka ìṣirò owó ààfin sétí ìgbọ́ wọn lọ́dọọdún. Ohun tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń béèrè níwájú ààfin Aké ní 1947 kò ju ìyẹn lọ.